Ohùn Tó Yẹ Kó Mọ sí Inú Hẹ́dífóònù

Uwasota, Benin.

Moyọ̀ mi, Àjíkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ń jẹun kí n tó sọ ohunkóhun míì. Mo ti bi ọ́. Ó ku tèmi.

Nígbà tí o pè wá láti Akúrẹ́ lọ́jọ́ Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, tí o ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa bójú tó ẹ̀rọ ohùn ìjọ ńlá yẹn, inú mi dùn débi pé mo sáré gbé fóònù fún ìyá rẹ kí o má baà gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà lo wá béèrè ìbéèrè rẹ. O ní wọ́n ní kí o fúnra rẹ yan sáúǹdì káàdì, àpótí ohùn kékeré tí wọn yóò so mọ́ kọ̀ǹpútà, o sì ti rí méjì. Ihò hẹ́dífóònù ọ̀kan dá dúró, ti èkejì kò dá dúró, ṣùgbọ́n èkejì yẹn ló rẹwà, ó ní iná búlúù lára. Kí n tó dáhùn, o ti dá ara rẹ lóhùn: "Daddy, hole na hole now. E go still sound."

Mo ní màá kọ̀wé sí ọ. O rẹ́rìn-ín, o ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà, pé kí n kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ kó wà lórí ìwé, kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí èmi náà lè máa rí ohun tí mo ń sọ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ Yorùbá sí ọ tí o ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, mi ò sì bínú. Ṣùgbọ́n Akúrẹ́ lo wà báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro kà, kan ilẹ̀kùn yàrá kejì kí o bi wọ́n.

O mọ̀ pé ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn nínú ìjọ wa níbí, bí mo bá ti ti ọ́fíìsì ìjọba dé. Ìwọ lo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí o ń tẹ ohun tí mi ò ní kí o tẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀. Gbogbo yín lẹ rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Èkíní, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́tìnnì tàn ọ́ jẹ. Gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan wọ̀nyí ló máa sọ fún ọ pé hẹ́dífóònù ti tiwọn dá dúró. Bí o bá ní kí wọ́n fi hàn ọ́, wọ́n á nàka sí bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n ya àwòrán hẹ́dífóònù sí lára, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? E get im own." Bọ́tìnnì yẹn, bí ohùn ṣe máa ròkè tó létí rẹ nìkan ló mọ̀. Kò mọ irú ohùn tó ń bọ̀. Ohun tó ń lọ sí sípíkà náà ló ń wọ etí rẹ, àfi pé o lè dín in kù. Èyí tó dá dúró lóòótọ́ ni èyí tí kọ̀ǹpútà yóò rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà méjì, ọ̀kan lọ sí gbọ̀ngàn, ọ̀kan lọ sí etí rẹ, tí o lè máa gbé orin jáde fún ìjọ lójú ọ̀nà kan kí o máa wá orin tó kàn lójú ọ̀nà kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ka iye ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde. Bí o bá rí méjì péré, apá òsì àti apá ọ̀tún ohùn kan náà ni. Mẹ́rin ni kí o wá.

Èmi ò wá mẹ́rin. Bọ́tìnnì ni mo wò, inú mi dùn sí i, mo rà á.

Ṣé o rántí Dádì Oregbeni, ọkùnrin gíga tó máa ń fún ẹ̀yin ọmọdé ní bisikíìtì lẹ́nu ọ̀nà ìjọ? O mọ̀ pé àdúgbò la fi ń pe àgbàlagbà nínú ìjọ wa, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Èmi ni Dádì Uwasota, òun ni Dádì Oregbeni, ìyàwó rẹ̀ ni Mọ́mì Oregbeni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Ṣẹ́gun, tó máa ń gbé ọ kọ́rùn lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí bàbá náà ń ṣàìsàn tí kò lè jáde mọ́, ó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi kí ìjọ, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú. Mọ́mì Oregbeni yọ mẹ́mórì káàdì inú fóònù náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ níbi ìsìn ìsìnkú. Ó ní òun fúnra òun ò tíì lè gbọ́ ọ, pé ọkàn òun ò gbà á.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ohùn náà fi wà lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ ọ nílé. Kí ni mo fẹ́ máa gbọ́ nílé, èmi ọ̀gá? Lórí mísà àtijọ́ tí a fi ń da ohùn pọ̀, bọ́tìnnì kan wà tí o bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ nìkan ni wàá gbọ́ ohun tó wà lórí ẹ̀rọ, ìjọ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń wá ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la gbé mísà náà tì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà àti sáúǹdì káàdì tuntun tí mo rà. Mo rí bọ́tìnnì hẹ́dífóònù lára rẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìjọ kún fọ́fọ́. Àwọn ẹbí bàbá náà ti wá láti ilé, wọ́n jókòó sí ìlà iwájú. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa dìde, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi rántí rẹ̀. Mo ní àyè rèé. Mo fi hẹ́dífóònù bo etí, mo tẹ ohùn náà kí n lè wá ibi tí ìkíni ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ìkíni ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá náà ti tẹ fóònù kó tó ṣe tán, ó ṣì ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní: "Ìyá Ṣẹ́gun, bí mo bá lọ, àwọn ará ilé máa dé, wọ́n á máa wádìí. Má sọ fún wọn pé kì í ṣe àwa la bí Ṣẹ́gun. A gbà á tọ́ ni…"

Mo gbójú sókè. Gbogbo ìjọ ti yí orí padà, èmi ni wọ́n ń wò. Hẹ́dífóònù bo etí mi, mi ò mọ̀ pé sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ ohun tí mo ń gbọ́, nínú ìdákẹ́jẹ́ tí gbogbo wa fi ara wa sí. Mo fa wáyà yọ. Mo fa ti iná orí tábìlì náà mọ́ ọn. Mọ́mì Oregbeni ti jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yíjú padà ni Ṣẹ́gun. Pósí bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo ní kọ̀ǹpútà tuntun ni, pé ó kàn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà mí gbọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń tù mí nínú, wọ́n ní Ṣẹ́gun ò gbọ́ Yorùbá, pé Pidgin ló ń sọ káàkiri, kò lè yé e. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ sí itẹ́ òkú, mo fi hẹ́dífóònù gbọ́ ohùn náà dé òpin, èmi nìkan, lẹ́yìn náà ni mo pa á rẹ́ pátápátá. Mo sọ fún ara mi pé torí kí ẹlòmíì má baà tún gbọ́ ọ ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀rí kúrò nílẹ̀ ni. Mọ́mì Oregbeni gba mẹ́mórì káàdì tó ti ṣófo lọ́wọ́ mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

Kí oṣù yẹn tó parí, wọn ò wá sí ìjọ wa mọ́. O bi mí pé Ṣẹ́gun dà, mo ní wọ́n ti rí ìjọ tó sún mọ́ ilé wọn. Ìwọ ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, o gbà á bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n padà sórí káàdì rẹ, torí mo mọ̀ pé o ti fẹ́ máa sunkún báyìí, o dà bí ìyá rẹ.

Èkejì, gbé kọ̀ǹpútà rẹ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbé hẹ́dífóònù tìrẹ dání pẹ̀lú, èyí tó bo gbogbo etí. Ní kí wọ́n so sípíkà kékeré kan mọ́ káàdì náà. Darí orin sí sípíkà, kí o darí ìwàásù sí hẹ́dífóònù. Fi hẹ́dífóònù bo etí ẹni tó ń tà á, kí ìwọ máa gbọ́ sípíkà, kí o wá bi í pé kí ló ń gbọ́. Bí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ. Bó bá fa ojú ro, jẹ́ kó fà á ro. Iná búlúù kì í ṣe ohùn, Àjíkẹ́.

Bí o bá ti rà á, mọ̀ pé káàdì ò lè bá ọ ronú. Ètò tí o fi ń gbé orin jáde lórí kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà tí ò ń lò, ìwọ lo sì máa sọ fún un. Àwọn ètò míì máa ń gbàgbé bí o bá tú wáyà tí o tún un so. Nítorí náà, yẹ̀ ẹ́ wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo Sunday, kódà bí o bá ti lo ogún ọdún nídìí rẹ̀. Lẹ pílásítà mọ́ ihò méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀, kọ GBỌ̀NGÀN sí ọ̀kan, kọ ETÍ sí èkejì. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ra èyí tó ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà, kí iná ìjọba má baà mú un kú láàárín ìwàásù. Kí o sì wò ó bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú káàdì tààrà, láìjẹ́ kó kọ́kọ́ gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Bí ohùn ògbufọ̀ yín bá ń pẹ́ kó tó dé etí òun fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Mo ti rí i rí.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ó ní, "Ṣé sáúǹdì káàdì yìí náà lẹ fi gbogbo àárọ̀ kọ? Ẹ sọ fún un kó fẹ́ ọkọ." Mo ní èyí tí mo ń kọ ṣe pàtàkì ju ọkọ lọ. Ó kọ ìhà sí mi.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé kí o máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá fi lé ọ lọ́wọ́ nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o tó gbé e dé iwájú ènìyàn. Káàdì tó dára jù lọ láyé ò lè bá ọ ṣe ìyẹn. Ìgbéraga mi ló pọ̀ jù nígbà yẹn, kì í ṣe pé ẹ̀rọ burú. Ká ní mo jókòó sórí àga inú pálọ̀ yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì máa gé e kúrò.

Àti pé, ọmọ mi, bí ohùn tí kò yẹ bá ti ọwọ́ rẹ jáde, dìde lórí àga rẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, lọ bá ẹni tó kàn, kí o sọ pé, "Èmi ni." Má dúró de ìgbà tí ojú ò ní tì ọ́ mọ́. Kì í dé. Bí mo bá rí Ṣẹ́gun tàbí ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ní Ikpoba Hill, mo máa ń gba òdìkejì títì. Lọ́dún tó kọjá ni Mọ́mì Oregbeni kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo sì lọ kí wọ́n tó ṣe ìdúpẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí títí tó fi kú. Ó ń dùn mí, Moyọ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí o gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ Sunday yẹn, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo kọ ìlà méjì, mo ya á. Mo rí i pé mo fẹ́ máa gba ọmọ mi nímọ̀ràn lórí ohun tí èmi fúnra mi ò tíì ṣe. Nítorí náà, mo dúró di ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oregbeni láàárọ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ náà ni Ṣẹ́gun ṣì ń gbé. Ó ti di ọkùnrin gidi, báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. "Daddy Uwasota! Ẹ wọlé, sir. Ẹ jókòó." Mi ò jókòó. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan, pé bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe é lọ́jọ́ náà, èmi ni. Mo sọ bí mo ṣe ra ohun tí mi ò yẹ̀ wò, bí mi ò ṣe gbọ́ ọ nílé, bí mo ṣe purọ́. Mo sọ pé mo pa ohùn bàbá rẹ̀ rẹ́. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó fi Yorùbá tó mọ́ kedere dá mi lóhùn, ó ní, "Daddy, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n gbà mí tọ́ ni. Mọ́mì ti sọ fún mi kí Dádì tó kú. That one no pain me, sir."

Mo bi í pé kí ló wá dùn ún.

Ó ní, "Wáyà tẹ́ ẹ fà yọ yẹn, sir. 'A gbà á tọ́ ni.' Ibẹ̀ ló dúró sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló sọ tẹ̀ lé e. Mo bi Mọ́mì, Mọ́mì ní òun ò rántí, pé àìsàn Dádì ò jẹ́ kí òun fọkàn sí i. Àbí ó ti parí síbẹ̀ ni?"

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó. Èmi tí mo rò pé mo ṣe é lóore bí mo ṣe fa wáyà yọ! Ìdajì tó burú ni gbogbo ìjọ gbọ́. Ìdajì kejì, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, nínú hẹ́dífóònù, tí mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú ikùn mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bí ẹni pé tèmi ni.

Mo ní, "Kò parí síbẹ̀. Ó ní, 'A gbà á tọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ló sọ mí di bàbá. Bí mo bá tún ayé wá, òun náà ni màá tún lọ gbà.' Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìjọ."

Omi bọ́ lójú Ṣẹ́gun, kò nù ún. Ó ní, "Ẹ tún un sọ, sir." Mo tún un sọ. Ó wá fa fóònù yọ nínú àpò, ó tẹ ibi tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì láàárín wa, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má kánjú. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ló wà níbẹ̀ báyìí, Moyọ̀, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.